Òógùn Òjijì, Orí Fífọ́ àti Ọkàn Tó Ń Lù Kìkìkì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó ń ṣe adrenaline, èròjà tó máa ń ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà wá. Kókó lè hù níbẹ̀, kó máa tú u jáde láìnídìí: ẹ̀jẹ̀ á ru, orí á fọ́, òógùn á bo èèyàn, ọkàn á máa lù kìkìkì. Kókó yìí ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, bíi 2 sí 8 ni wọ́n ń rí i lára wọn lọ́dún. Àwọn nǹkan tó ń fara jọ ọ́ ló pọ̀ láàárín wa.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà la fẹ́ fi ṣáájú. Ó lo glibenclamide, oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, láàárọ̀, ó gbé àdá, ó forí lé oko láìjẹun. Kó tó di ọ̀sán, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn tútù bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́. Ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí mínírà lójú ẹsẹ̀, kó sì jẹun. Bó bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn yìí kì í tètè kúrò lára, torí náà ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan bí ara rẹ̀ bá yá.

Bó bá jẹ́ pé oògùn kòkòrò ló ń fọ́n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí inú ń run ún, tí ọmọlójú rẹ̀ sì sún kì, májèlé ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ mú ike oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa kò wo májèlé yìí sàn. Ó tilẹ̀ lè ṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Gẹ̀gẹ̀ tó ń mú èèyàn rù bó tilẹ̀ ń jẹun, oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine, tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò kí iṣẹ́ má bàa rẹ̀ wọ́n, ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró: gbogbo wọn lè fa irú àmì yìí. Ìpayà náà ń fà á. Ẹ má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́tàn. Àìsàn gidi ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ kọ wákàtí tó ṣe yín sílẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn tó ṣáájú, àgbo náà kò gbẹ́yìn. Bó bá ṣeé ṣe, kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà yín nígbà tó ń ṣe yín lọ́wọ́. Bí dókítà bá fura sí kókó, yóò ní kí ẹ gba ìtọ̀ wákàtí 24 jọ, tàbí kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣáájú èyí, ẹ má lọ ra propranolol, oògùn tó ń dín lílù ọkàn kù, fúnra yín: bó bá jẹ́ kókó náà ni, òun nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tún ru sí i. Ẹni tí dókítà ti kọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.