Bí A Ṣe Ń Rán Ẹ̀wù fún Àpótí Ìṣó àti Bóòtù ní Ibi Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́

Ìdí páálí ló máa ń kọ́kọ́ já, kì í ṣe orí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn ká tó gbé ayùn. Ẹni tó ra tapólì ńlá, tó fi bo orí àpótí ìṣó, tó wá fi ìdí àpótí náà sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, kò tíì bo ohunkóhun.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ kí wọ́n tó ní kí n máa tọ́jú ẹrù ní sáìtì. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan gbé páálí ìṣó sí èjìká, ó ń gun àkàbà lọ sókè. Ilẹ̀ ni páálí náà sùn mọ́jú, òjò sì ti rọ̀. Téèyàn bá wò ó láti òkè, kò sí ohun tó ṣe é: orí rẹ̀ gbẹ táútáú, ohun tí wọ́n kọ sí i lára hàn kedere. Ó dé ìdajì àkàbà ni ìdí páálí já. Ìṣó kílò 25 ya lulẹ̀ bí òjò yìnyín. Ẹni tó di àkàbà mú nísàlẹ̀ sáré fi apá bo ojú. Apá náà ló fara gbọgbẹ́, ojú ò bá a lọ. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣa ìṣó, síbẹ̀ táyà ọkọ̀ ló ń bá wa rí èyí tó kù.

Látìgbà náà, mi ò gbà kí irin wẹ́wẹ́ kankan, ìbáà ṣe ìṣó, skúrù, bóòtù, nọ́ọ̀tì, wọ́ṣà tàbí hínjì, wà nínú páálí lásán ní sáìtì tí mo bá ń tọ́jú ẹrù. A máa ń rán ẹ̀wù fún un ni. Ó ní bàtà tí àpótí ń wọ̀, ó ní pákó tó yí i ká, ó ní fìlà, ó sì ní aṣọ òjò tó bo gbogbo wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ẹrù

Irin máa ń tan ojú jẹ. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà irin kan sún mọ́ kílò 8. Lóòótọ́, ìṣó kì í dì mọ́ra pátápátá nínú àpótí. Ká ní àlàfo àárín wọn gba ìdajì, lítà ìṣó kan á ṣì tó kílò 4. Àpótí tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó fẹ̀ ní 20, tó sì jìn ní 15, lítà 9 ló ń gbà. Kílò 36 nìyẹn, ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e ló máa sọ fún un. Èmi máa ń ṣe tèmi ní jíjìn 10, kó lè gba lítà 6, ìyẹn nǹkan bíi kílò 24. Nítorí pé pákó náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, mi ò kì í kún un dé ẹnu. Mo máa ń fi àyè ìbú ìka kan sílẹ̀ lókè kí gbogbo rẹ̀ má bàa kọjá kílò 25.

Bàtà

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gé plywood ìdí, tí wọ́n á gbé e sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n á sì kàn án láti abẹ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ẹrù jókòó sórí ìdí, àwọn ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ìdí mọ́ ẹ̀gbẹ́ ló wá dá gbogbo ẹrù náà gbé. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé e sókè ni ẹrù ń fa àwọn ìṣó yẹn jáde díẹ̀díẹ̀. Ojú kì í rí i títí di ọjọ́ tó máa já.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbé ìdí gan-an. Ẹ gé plywood tó nípọn ní mìlímítà 12 fún ìdí. Ẹ wá pákó méjì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ fi wọ́n dábùú abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan sí orí ọ̀tún, ọ̀kan sí orí òsì. Kí ẹ tó so wọ́n, ẹ fi ayùn gé kòtò méjì sí ojú pákó kọ̀ọ̀kan tó máa kọ sí plywood, kí kòtò náà gba okùn tó nípọn tó ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ fi skúrù so pákó mọ́ ìdí láti inú. Okùn kan ṣoṣo ni kí ẹ lò: á gba inú kòtò kọjá lábẹ́ ìdí, á yọ ní orí kejì, á gòkè di ọwọ́ ìdìmú, á tún padà gba abẹ́ lọ, á sì di ọwọ́ kejì ní ọ̀hún. Ẹ ta á ní kókó tó le. Ẹ kan pákó kékeré tó ní ihò méjì sí ìta orí kọ̀ọ̀kan, kí okùn máa gba ibẹ̀ gòkè, kó má bàa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbé àpótí báyìí, ńṣe ni okùn gbá ìdí mọ́ra láti abẹ́. Kódà bí igun bá là, ẹrù ò ní dà.

Sẹ̀ǹtímítà 5 yìí tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ àpótí kọjá. Àmọ́ kò tó fún ìta gbangba, torí pé omi òjò tó bá ń ta lulẹ̀ máa ń fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ bí pèpéle kúkúrú tí a ń to ẹrù lé, ni kí àpótí wà níta.

Ara àpótí

Plywood mìlímítà 9 tó fún ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe wọ skúrù sí etí plywood, á là. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí inú igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ta gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ fi dírííìlì ṣí ojú skúrù, kí ẹ tó wá de ẹ̀gbẹ́ mọ́ pákó náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ̀gbẹ́ àti ìdí lè di ara kan.

Etí plywood ni omi ń gbà wọlé. Ojú rẹ̀ lè dúró de òjò fúngbà díẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ kun etí ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó to àpótí pọ̀, torí pé ẹ ò ní lè dé ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Sí igun ìta, mo máa ń ká páànù tẹ́ẹ́rẹ́, kí àpótí má bàa ya nígbà tó bá forí gbá ògiri. Ẹ fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, ha etí páànù náà dáadáa. Mo ti rí ọwọ́ tó gé lára páànù ju èyí tó gé lára ayùn lọ.

Bí páálí tí irin bá wọlé bá ṣì gbẹ, ẹ lè gbé e sínú àpótí bó ṣe wà. Tó bá ti tutù rí, ẹ jù ú nù, kódà tó bá ti gbẹ padà. Páálí tó ti mu omi máa ń fi ọ̀rinrin pa mọ́ sínú, agbára rẹ̀ kì í sì í padà wá. Ẹ gé ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n àti irú irin náà sí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí. Àkọlé ìta, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí fìlà. Fìlà àpótí kan lè bọ́ sórí òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó sì wá mú skúrù á gbé ìṣó lọ.

Fìlà

Kí fìlà fi sẹ̀ǹtímítà 2 yọ kọjá ara àpótí yí ká, kí ẹ sì kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ tó máa sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3. Omi á máa kán síta, kò ní gba ojú ìpàdé wọlé. Ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ sí ẹ̀yìn. Èmi kì í fi hínjì sí i, torí pé ojú hínjì ni omi máa ń wá. Okùn kúkúrú ni mo fi ń so ó mọ́ àpótí kó má bàa sọnù.

Aṣọ òjò

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó ra aṣọ. A ní bóòtù tí wọ́n fi síńkì bò kó má bàa dógùn-ún, tó ń dán gbinrin. Mo fi ọ̀rá funfun wé e nígbà mẹ́ta, mo fi téèpù dí gbogbo etí rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a tú u, lẹ́búlẹ́bú funfun ti bo gbogbo ara bóòtù, ó ń ya lọ́wọ́ bí ẹfun. Òjò ò kàn án rárá. Oòrùn ọ̀sán ló ń mú inú ọ̀rá gbóná, òtútù òru dé, ìrì sẹ̀ sí inú ọ̀rá náà, kò sì rí ibi gbà jáde. Síńkì nílò afẹ́fẹ́ kí awọ tó ń dáàbò bò ó tó lè ràn lára rẹ̀. Tó bá wà nínú omi láìsí afẹ́fẹ́, síńkì fúnra rẹ̀ ló ń jẹ tán.

Nítorí náà, aṣọ tó ń mí ni kí ẹ lò. Kánfáàsì tó nípọn ló dára jù lójú mi. Bó bá jẹ́ tapólì oníke nìkan lẹ ní, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ àpótí, ẹ má sì jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ẹ to pákó méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sórí àpótí tó ga jù kí ẹ tó da aṣọ bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí omi má sì rí ibi dúró sí.

Ká wọn ọ̀kan. Ká ní àpótí tí ẹ tò sórí pálẹ́ẹ̀tì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 110, ó fẹ̀ ní 80, ó sì ga ní 60 láti ilẹ̀. A fẹ́ kí aṣọ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀, ìyẹn ni pé á sọ̀ ní 50 lápá kọ̀ọ̀kan. Gígùn aṣọ: 110, ẹ fi 50 lọ́nà méjì kún un, ẹ fi 5 kún un kó má bàa fún, ẹ sì fi 8 kún un fún ìṣẹ́tí orí méjèèjì. Ó di 223. Fífẹ̀ náà á di 193 lọ́nà kan náà. Sẹ̀ǹtímítà 4 ni ìṣẹ́tí kọ̀ọ̀kan gbà, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣẹ́ ẹ, 2 lé 2.

Ẹ má ṣe gé igun aṣọ náà kí ẹ lè rán an bí àpò. Ojú rírán tó bá wà lókè, ibẹ̀ ni omi máa kọ́kọ́ rí. Ẹ ká igun rẹ̀ bí a ṣe ń ká etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Òwú tó nípọn ni kí ẹ fi rán ìṣẹ́tí, kí ẹ sì fi ìda pa á kí ẹ tó kì í bọ abẹ́rẹ́. Ìda náà á dí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ẹ lu òrùka irin sí inú ìṣẹ́tí ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn. Kí ihò tí ẹ máa gé kéré ju òrùka lọ, kí aṣọ lè fún un mọ́ra.

Pálẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ so okùn mọ́, kì í ṣe àpótí. Ẹ ta á ní ojóbó tó jẹ́ pé téèyàn bá fi ọwọ́ kan fa etí rẹ̀, á tú. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí pé mo ti rí aṣọ tó dára tó kàn wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹni tó ń wá bóòtù mẹ́fà, tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè é lókè, kò ní jókòó tú kókó mẹ́wàá, kò sì ní padà wá ta á.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jọ sùn

Ẹ má ṣe to àpótí irin ti síméńtì. Eruku síméńtì tó bá tutù máa ń jẹ síńkì. Èyí tó burú jù ni ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ síméńtì kúrò lára táìsì: kódà bí ìdérí rẹ̀ bá wà lórí, èéfín rẹ̀ máa ń yọ́ jáde, gbogbo irin tó wà nínú yàrá náà á sì dógùn-ún. Ilé tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́ fún un.

Òróró fẹ́lẹ́ dára fún hínjì àti kọ́kọ́rọ́ tó máa pẹ́ nílẹ̀. Ẹ má ṣe ta á sí bóòtù tí wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù rì mọ́ kankéré, kò ní dì mú. Bóòtù alágbára tó ń so igi irin ilé pọ̀ ní òróró tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi kún un. Èyí tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ kan ni kí ẹ yọ, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù padà sínú àpótí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá ti dógùn-ún, ẹ fi han ẹnjiníà, torí pé bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe ń fún ti yí padà.

Ẹ dán an wò

Kí àpótí tuntun tó gba ẹrù, ẹ tẹ́ bébà ìròyìn sí inú rẹ̀, ẹ dé fìlà, kí ẹ da omi sí i lórí láti inú agbè ìbomirin fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ ṣí i. Ibi tí bébà bá ti tutù ni omi gbà wọlé; igun yẹn ni kí ẹ padà lọ kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù sí i, kí ẹ fi okùn gbé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 péré kúrò nílẹ̀, kí ẹ kà láti 1 dé 30, kí ẹ tẹ́tí sí i. Pákó tó fẹ́ yẹ̀ máa ń dún. Bó bá dún, ilẹ̀ ni kó ti dún, kó má jẹ́ orí àkàbà.