Ẹ fẹ́ kọ́ ilé tí ò ní ba àyíká jẹ́? Ẹ yẹra fáwọn àṣìṣe yìí o

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù l'Ádó-Èkìtì níbí ni pé èèyàn á kọ́lé tán, ilé á máa gbóná bí ààrò, ìgbà yẹn ló máa wá sáré kiri wá owó sólà, á ní ilé tó bá àyíká mu lòun fẹ́. Ó ti pẹ́ jù o. Bóyá ilé máa tutù àbí ó máa gbóná, ọjọ́ tí wọ́n na okùn ìpìlẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ti tán.

Ẹ wo ilé ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ìkéré. Títì wà lápá ìwọ̀ oòrùn ilé ẹ̀, ni bíríkìlà bá kó gbogbo fèrèsé ńlá síbẹ̀, kílé lè rẹwà lójú ẹni tó ń kọjá. Láti aago méjì ọ̀sán ni oòrùn á ti wọlé, á bá wọn jókòó ní pálọ̀ títí táá fi wọ̀. AC méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé e. Lọ́dọ̀ wa, orí òrùlé ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọlé, torí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe jẹ́ kí fèrèsé tó pọ̀ wà ní àríwá àti gúúsù, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní méjì, torí atẹ́gùn tí ò ríbi gbà jáde ò ní wọlé.

Àwọn míì, kí wọ́n tó wọn ilẹ̀ pàápàá, kátápílà ti hú gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Máńgòrò tó ti tó ogún ọdún! Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á da kọnkéré bo gbogbo kọ́ńpáùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wa l'Ékìtì olókè ni, omi òjò tí ò ríbi rì sí á dà sọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìjà dé nìyẹn.

Ẹ tún má fojú tálákà wo amọ̀. Ilé bàbá bàbá wa tútù lẹ́ẹ̀rùn ju tiwa lọ. Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ dúdú òkè yẹn lẹ máa lò, iyẹ̀pẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ni, ẹ pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ (bíi ìdá 5 sí 10 nínú 100), ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i lábẹ́ ibòji, ẹ má kó o sóòrùn. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ ga, kí etí òrùlé sì yọ síta dáadáa, torí òjò tó ń ta sára ògiri ló ń pa ilé amọ̀.

Omi òjò ńkọ́? Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 níbùú, mítà 10 lóòró, bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ sí i, ó ń lọ sí bíi lítà 2,000. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ páànù dànù ná, kẹ́ ẹ sì bo táńkì nítorí ẹ̀fọn. Sọ́kàwè gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, títí kan kànga aládùúgbò, ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe.

Sólà ló kù. Ẹ ka nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ lò kẹ́ ẹ tó ra bátìrì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù iná á gbé e mì ní kíá. Kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dà díẹ̀, ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ẹ̀, ẹ má sì wá lọ tò ó sábẹ́ máńgòrò tí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ti gbin máńgòrò síwájú fèrèsé pálọ̀ báyìí. Kò tíì ga tó orúnkún.