Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe náìtì, bẹ́ ẹ ṣe máa tún aago ara yín sẹ́tì rèé

Ọdún méjì ni mo fi ṣe náìtì nílé búrẹ́dì kan ní Mọ́kọ́lá, aago mẹ́fà ìdájí la máa ń tú ká, mo délé mo sùn, kó tó di aago mẹ́wàá ojú mi ti là kedere, ọjọ́ tí mo bá wá wà ní ọ́ọ̀fù, òru ni ebi á máa pa mí. Mo ní ayé ló ń ṣe mí, àṣé jíìnì ni, ìyẹn àṣẹ tá a bí mọ́ wa nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń darí aago ara.

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lókè ilé yín. Bí omi ṣe ń kún ni bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ń gòkè, tó bá kún tán á dí ẹnu páìpù, tẹ́ ẹ bá lo omi, bọ́ọ̀lù á wálẹ̀, omi á tún máa wọlé. Bó ṣe rí nínú sẹ́ẹ̀lì wa nìyẹn o. Protein méjì kan, CLOCK àti BMAL1, ló ń jí jíìnì Per àti Cry, protein tí sẹ́ẹ̀lì ń fi àwọn jíìnì yẹn ṣe á wá máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá pọ̀ tó wọ́n á padà lọ dí CLOCK àti BMAL1 lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì á máa fọ́ àwọn náà dànù, tí wọ́n bá tán, páìpù á ṣí padà. Lọ-bọ̀ yẹn, bíi wákàtí 24 ni. Lọ́dún 1994 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph Takahashi, àtàwọn èèyàn ẹ̀ l'Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ eku kan jáde tí jíìnì Clock ẹ̀ bàjẹ́, nínú òkùnkùn, ọjọ́ tiẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ, nígbà tó yá kò mọ ọ̀sán mọ òru mọ́.

Olórí aago wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, torí náà ojú lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà síṣẹ́ ọ̀sán, ẹ jáde síta láàárọ̀, iná inú ilé ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ gbé fóònù jìnnà, ìmọ́lẹ̀ òru máa ń jí Per lásìkò tí ò yẹ, aago á wá máa fà sẹ́yìn. Ẹni tó ṣì ń ṣe náìtì lọ, òkùnkùn ni kó wá lọ́sàn-án, èmi so ìró ìyàwó mi méjì mọ́ wíńdò, ó bínú gan-an.

Ẹ̀dọ̀ ní aago tiẹ̀ o, àsìkò oúnjẹ lòun ń wò. Ẹni tó ń jẹ àmàlà láago méjì òru, ọpọlọ ẹ̀ ní ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ní ọ̀sán ni! Ẹ jẹ oúnjẹ tó wúwo lójú mọmọ, kó máa bọ́ sásìkò kan náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí àsìkò tẹ́ ẹ ń sùn padà, wákàtí kan kan ni kẹ́ ẹ máa fi sún un lójúmọ́. Tèmi gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, alẹ́ tí mo kọ́kọ́ sùn láago mọ́kànlá tí mi ò ta pútú, ìyàwó mi fọwọ́ wo imú mi bóyá mo ṣì ń mí.