Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Dín Oògùn Ìfọkànbalẹ̀ Kù

Ó ti sú mi kí n máa wo ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn ìfọkànbalẹ̀ bíi diazepam, lorazepam tàbí alprazolam, kó máa náwó sórí ohun tí kò níí ràn án lọ́wọ́. Oṣù 14 ni mo fi kúrò lórí diazepam mílígíráàmù 20, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tọ ọ̀nà yìí láti ìgbà náà. Ẹ dákun, ẹ gbọ́.

1. Ẹ má dá a dúró lójijì. Gìrì lè gbé èèyàn, ó sì lè pa á. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dín ohunkóhun kù.

2. Ẹ má fi ọtí rọ́pò rẹ̀.

3. Ẹ má lò ó lónìí kí ẹ fò ó lọ́la. Nǹkan bíi wákàtí 11 ni ìdajì alprazolam fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fò ó, ara á ti máa wá a kiri kílẹ̀ tó ṣú.

4. Ẹ má gé iye kan náà títí dé òpin. Èmi gan-an ṣe é. Mílígíráàmù 2 ni mo ń gé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti 20 sí 18, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Nígbà tí mo dé 4, 2 yẹn kan náà ti di ìdajì! Lóru ọjọ́ kẹrin, mo jókòó sétí ibùsùn, mo gbé ọwọ́ láyà, ó ń lù kì-kì-kì, òógùn ti rin ìrọ̀rí gbingbin. Dókítà ní kí n padà sí 4, kí n sinmi níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gé hóró oògùn onímílígíráàmù 2 sí mẹ́rin nínú àwo, ìka ni mo fi ń tọ́ èérún tó bá já. Ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ ń lò *lọ́wọ́lọ́wọ́* ni kí ẹ gé, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Èyí tó ń dùn mí jù wá kù. Ẹ̀rù á dé lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ ó sì rò pé àìsàn àtijọ́ ló padà. Oògùn yìí ló ti ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ ìpẹ̀tù, ọpọlọ sì ti dẹwọ́ nínú tirẹ̀. Ó nílò àkókò kó tó tún gbà á padà. Bí ìró abọ́ bá ń gún yín létí, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta yín lójú, tí awọ ara ń ṣe yín wínníwínní, tí irú rẹ̀ kò sì ṣe yín rí kí ẹ tó mọ oògùn yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdínkù ló fà á. Ó máa ń dé bí ìgbì, ó sì máa ń lọ. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá fún un ni wọ́n ti ń ra aṣèwẹ̀nùmọ́, ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fọ oògùn kúrò lára, ìgò lórí ìgò. Ẹnì kan kó ìgò méje wá bá mi. Omijé bọ́ lójú mi, nítorí owó ilé rẹ̀ ló ná.

Bí ìgbì náà bá dé, ẹ dúró síbi tí ẹ dé, ẹ má gé sí i. Ẹ mí síta pẹ́ ju bí ẹ ṣe mí sínú lọ. Ẹ rìn. Ẹ dín kọfí kù. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n oògùn àti wákàtí oorun sínú ìwé, kí ẹ lè fi han dókítà. Bí ẹ bá sì ń rí ohun tí kò sí, tàbí tí ó ń ṣe yín bíi pé kí ẹ pa ara yín, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lóru náà.