Bí Mo Ṣe Ya Àtẹ Báńkì Alájẹṣẹ́kù Àwọn Àgbẹ̀ Faransé láti Ìsàlẹ̀ Wá Sókè

Iṣẹ́ tí mo parí ni àtẹ kan tó fi ìtàn Crédit Agricole hàn, báńkì alájẹṣẹ́kù tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ni í lónìí. Bébà A3 méjì ni mo lò, pẹ́ńsù, rúlà, ìrésà, àti báírò dúdú, pupa àti búlúù. Kí ẹni tó bá fẹ́ ya irú rẹ̀ má tíì fọwọ́ kan báírò títí gbogbo ọfà yóò fi dúró síbi tó yẹ. Ìrésà ló máa ṣiṣẹ́ jù.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ya olú iléeṣẹ́ sókè, wọ́n á wá fa ẹ̀ka wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Báńkì tó jẹ́ ti oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ní ti èyí, ìsàlẹ̀ ló ni òkè. Etí ìsàlẹ̀ bébà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń tẹ̀ lé ọdún lọ sókè, torí ìṣòro kan pàtó ló bí ipele kọ̀ọ̀kan.

Àpótí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni báńkì ìletò. Ní oṣù kejì ọdún 1885, Louis Milcent dá ẹgbẹ́ ayánilówó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè Poligny, ní Jura, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó irè oko ń wọlé, bẹ́ẹ̀ irúgbìn, ajílẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn kì í dúró de ìkórè. Àwọn báńkì ìlú ńlá ní tiwọn, gbèsè tó máa tètè padà ni wọ́n fẹ́. Ọdún 1894 ni òfin tó wá láti ọwọ́ olóṣèlú Jules Méline jáde, ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, tó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ láyè láti dá báńkì ìletò tiwọn sílẹ̀. Ẹ má da ọdún méjèèjì pọ̀. Mo kọ 1885 sí abẹ́ àpótí, mo kọ 1894 sí inú rẹ̀.

Òfin náà fún wọn láyè, kò fún wọn lówó. Báńkì ìletò tí owó rẹ̀ kò ju ìpín àwọn aládùúgbò lọ kò lè yáni ní nǹkan gidi. Ní ọdún 1897, nígbà tí Banque de France, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé, ń tún àṣẹ tó fi ń tẹ owó gbà, ìjọba bù lé e pé kó yọ 40 mílíọ̀nù faransì sílẹ̀ láìgba èlé fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, kó sì máa san owó kan sí i lọ́dọọdún. Owó dé, àmọ́ ta ni yóò pín in dé ìletò? Ìdáhùn ni òfin ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1899: báńkì ẹkùn, tó dúró sáàárín ìjọba àti ìletò. Mo ya àpótí kejì sókè èyí àkọ́kọ́, mo sì fa ọfà búlúù láti ìletò lọ sí ẹkùn. Búlúù ni mo fi ń sọ pé "èyí ló ni ìyẹn."

Ipele kẹta ló gba ìrésà mi. Òfin ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1920 dá ọ́fíìsì àpapọ̀ kan sílẹ̀ ní Paris, tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí Caisse Nationale de Crédit Agricole ní 1926. Mo fa ọfà búlúù láti ẹkùn lọ síbẹ̀, mo sì ṣì í. Iléeṣẹ́ ìjọba ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀, òkè jẹ́ ti ìjọba. Ọdún 1988 ni ìjọba tó ta á: 90 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn báńkì ẹkùn, 10 fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi lo bébà méjì. Bébà kìíní parí sí 1988, àpótí òkè rẹ̀ sì jẹ́ dúdú, kò ní ọfà búlúù kankan tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan yóò purọ́ nípa ọgọ́ta ọdún láìmọ̀.

Bébà kejì rọrùn títí a fi dé ọdún 2001, nígbà tí Caisse Nationale di iléeṣẹ́ onípìn-ín tó ń jẹ́ Crédit Agricole S.A., tí ìpín rẹ̀ sì bọ́ sọ́jà ní Paris ní oṣù kejìlá. Níbi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń sọ pé "ọjà ló ni ín báyìí," ẹ fara balẹ̀. Àwọn báńkì ẹkùn kó ìpín tiwọn jọ sínú iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SAS Rue La Boétie, iléeṣẹ́ yìí ló sì ní èyí tó ju ìdajì lọ. Àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín. Crédit Lyonnais, báńkì oníṣòwò tí wọ́n rà ní 2003, tó ń jẹ́ LCL báyìí, so mọ́ abẹ́ Crédit Agricole S.A.; ọfà tirẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ bíi ti báńkì oníṣòwò. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ya á sí kó má baà dà bíi báńkì ẹkùn.

Àwọn ibi mìíràn tí pẹ́ńsù ti yọ̀: nínú àwọn ìwé tó ṣáájú 2016, ẹ óò rí i pé Crédit Agricole S.A. ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìpín àwọn báńkì ẹkùn, èyí tó sọ àtẹ di ejò tó ń gbé ìrù ara rẹ̀ mì. Wọ́n ti tú ìdè yẹn ní 2016. Erékùṣù Corsica nìkan ló yàtọ̀: Crédit Agricole S.A. tó wà lókè ló ni báńkì ẹkùn ibẹ̀. Báńkì ẹkùn 13 sì ní ìwé ìpín lọ́jà Paris, àmọ́ ìwé náà kò ní ìbò nínú.

Ọ̀rọ̀ ìbò yìí ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ìletò ní lẹ́tà ńlá. Ẹni tó ní ìpín 10 àti ẹni tó ní 1,000, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní nígbà ìpàdé ọdọọdún. Òfin fi ààlà sí èlé orí ìpín, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì ń lọ, iye tó kọ sára ìpín ló gbà padà. Ní ẹkùn, wọ́n ń dìbò yan alága. Ọ̀gá àgbà jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, Crédit Agricole S.A. sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ènìyàn méjì ni, iṣẹ́ méjì, ẹ má fi wọ́n sínú ìlà kan.

Báírò pupa jẹ́ ti ìdúró, ìyẹn ẹni tó ń ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn. Crédit Agricole S.A. gbọ́dọ̀ rí i pé owó kò gbẹ lọ́wọ́ báńkì kankan nínú ẹgbẹ́. Àwọn báńkì ẹkùn náà sì jọ dúró fún gbèsè òkè, dé ìwọ̀n owó ìpín àti owó ìpamọ́ wọn. Ọfà olórí méjì ni. Àjọ àwọn báńkì ẹkùn, FNCA, kò ní ẹnikẹ́ni, ibi tí wọ́n ti ń fẹnu kò ni. Ìlà dúdú tí mo gé sí wẹ́wẹ́ ló gbà, kò ní orí ọfà.

Kí n tó fi báírò tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka tọ ọ̀nà ọmọ ẹgbẹ́ kan: ìletò, ẹkùn, Rue La Boétie, Crédit Agricole S.A. Àpótí mẹ́rin. Bí ìka bá fo ọ̀kan, ọfà kan ti sọnù. Nísàlẹ̀ mo kọ báńkì ìletò bí 2,400, lókè rẹ̀ báńkì ẹkùn 39. Wọ́n lé ní 90 kí ìdàpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà pẹ́ńsù ni mo fi kọ 39 yẹn, mo sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.