Bí a Ṣe ń Fi Hydroxyproline Wọn Kọ́lájìnì Inú Pọ̀nmọ́

Hydroxyproline kò sí lára 20 amínò ásíìdì tí sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń tò pọ̀ di purotéènì. Proline, tó wà lára 20 náà, ni sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń tò sí i. Ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńsáìmù kan, tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí irin, ọ́síjìn àti fítámì C, yóò so ọ́síjìn mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí èrìgì ẹni tí kò rí fítámì C jẹ fi máa ń ṣẹ̀jẹ̀: kọ́lájìnì rẹ̀, ìyẹn purotéènì tó ń di awọ àti ẹran ara mú, kò lágbára. Inú kọ́lájìnì ni èyí tó pọ̀ jù nínú hydroxyproline ara ẹran wà, nítorí náà ẹni tó bá wọn ọ̀kan ti mọ èkejì.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, pọ̀nmọ́ ló rọrùn jù láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ táútáú, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ wọn mílígíráàmù 50 sínú túùbù onígíláàsì tó nípọn, ẹ da mílílítà 5 hydrochloric acid oní 6 M sí i, ẹ dé e pinpin, kí ó sì wà nínú ófùnù ní 110°C fún wákàtí 16 ó kéré tán. Iná lọ mọ́ mi lórí lóru ọjọ́ kan, gbogbo èsì mi ló sì kéré, nítorí pé ásíìdì àti ooru ló ń tú amínò ásíìdì kúrò lára ara wọn, hydroxyproline tó bá sì ṣì so mọ́ òmíràn kì í yọ àwọ̀.

Ẹ fi sodium hydroxide pa agbára ásíìdì náà títí yóò fi dé pH 6 (pH ni ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó). Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ fi omi sọ ọ́ di mílílítà 100, kí ẹ sì bu 5 nínú rẹ̀, kí ẹ tún sọ ọ́ di 100.

Ẹ fi chloramine T, kẹ́míkà tó ń yí hydroxyproline padà, sí i fún ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi Ehrlich, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó yọ àwọ̀ pupa, sí i, kí ẹ gbé e sínú omi 60°C fún ìṣẹ́jú 15. Omi tó mọ́ kedere tẹ́lẹ̀ yóò máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí omi ìṣápá pupa tí a bu omi là. Bó bá ti tutù, ẹ fi ẹ̀rọ ka àwọ̀ náà ní 558 nm, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hydroxyproline tí ẹ ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá rí máíkírógíráàmù 2.5 nínú mílílítà kan, ohun tó wà nínú pọ̀nmọ́ yín jẹ́ mílígíráàmù 5, ìyẹn ìdá 10 nínú 100. Nítorí pé hydroxyproline jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kọ́lájìnì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8, kọ́lájìnì jẹ́ 80 nínú 100. Túùbù mẹ́ta ni kí ẹ ṣe fún pọ̀nmọ́ kan náà. Bí èsì wọn bá jìnnà síra, pH ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó fura sí ẹ̀rọ.