Ikọ́ ológbò tó rọlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Bí ológbò bá lóṣòó, tó na ọrùn síwájú, tó ń hú ikọ́ tí irun kankan ò sì jáde, má rò pé irun ló há a lọ́fun. Dókítà ẹran yẹ tiwa wò: ásímà (ikọ́ fée) ni. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí àti kọ́ìlì ẹ̀fọn ló ń ru ú sókè. A gbé ibùsùn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, a ta nẹ́ẹ̀tì dípò kọ́ìlì.

Fluticasone (oògùn ásímà tí wọ́n ń fà símú) láàárọ̀ àti lálẹ́: fín in sínú spacer (ike oníhò tó ní ìbòjú lẹ́nu), kí ìbòjú náà bo imú àti ẹnu ológbò dáadáa, kó mí ní ẹ̀ẹ̀meje sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá (ẹja díẹ̀ la fi tàn án). Ó tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kí oògùn náà tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Prednisolone, oògùn mìíràn tó ń dín wíwú kù, ló gbà á dúró títí dìgbà náà. Bó bá sùn, ka èémí rẹ̀: tó bá ń ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, pe dókítà. Tó bá ń la ẹnu mí, gbé e lọ kíá. Má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù: ó ń pa ológbò o.